Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé: Ó Ha Tọ́ Kí Onígbàgbọ́ Wọ Ibẹ̀?



Ọ̀ràn tí a mú wá síwájú yín lónìí bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé wa níhìn-ín ní Òfikì, ó sì di ọdún kẹta báyìí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni ìyá kan nínú ìjọ tọ̀ wá wá, ó mú ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin fi ránṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn olùkọ́ fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí Èsìẹ́, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, láti lọ wo àwọn ère òkúta tí ó wà níbẹ̀, wọ́n sì ní kí òbí kọ̀ọ̀kan san owó ọkọ̀. Ìyá yìí wí pé, "Bàbá, èmi kò bí ọmọ mi fún òrìṣà. Ilé ère ni wọ́n fẹ́ mú un lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kọ ìwé sí ọ̀gá wọn pé ọmọ mi kò ní bá wọn lọ." Ọmọ náà dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ya ilẹ̀, kò sì wí nǹkan kan.

A kò kọ ìwé náà. Kì í ṣe pé a ní ìdáhùn rere lẹ́nu. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé láti ìgbà tí a ti gba iṣẹ́ Ọlọ́run ni a ti ń sọ̀rọ̀ nípa ère láti orí àga ìwàásù, a kò sì tíì dé Èsìẹ́ rí. A bẹ ìyá náà pé kí ó fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí a lọ fi ojú ara wa rí i. Ó wò wá bí ẹni tí oòrùn ti pa lórí, ó kí wa pé ó dàárọ̀, ó sì mú ọmọ rẹ̀ lọ.

Láti Òfikì, a gba Ọ̀tú dé Ìsẹ́yìn, a gba Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìlọrin, a sì sùn síbẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a gba ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo àti Òró, a sì dé Èsìẹ́ kí oòrùn tó mú. Níti ọ̀nà náà a kò ní sọ púpọ̀. Egungun ìbàdí wa ti sọ tirẹ̀.

Ilé tí a ń wí yìí kò ga, kò sì ní ọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n bí a ti wọlé, ọ̀rọ̀ tan lẹ́nu wa. Àwọn ènìyàn òkúta jókòó níwájú wa, ọ̀wọ́ lẹ́yìn ọ̀wọ́, bí ìjọ tí ó ti pé kí aago tó lù. Wọ́n ju 800 lọ. Òmíràn kéré tó ohun tí ọmọdé lè gbé, òmíràn sì ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ. Òkúta wọn jẹ́ irú èyí tí ó rọ̀, tí irin lè gbẹ́, nítorí náà ni àwọn tí ó ṣe wọ́n fi lè ṣe irun orí wọn ní fínnífínní, tí wọ́n sì fi ilà sí ojú wọn, àti ìlẹ̀kẹ̀ sí ọrùn. Púpọ̀ nínú wọn jókòó lórí àpótí. Ọkùnrin wà tí ó di idà mú, obìnrin náà sì wà tí ó di idà mú, èyí tí ó yà wá lẹ́nu. A rí àwọn tí ń lu ohun èlò orin. A rí ẹni tí ó káwọ́ lé orúnkún, tí ó ń wo iwájú rẹ̀ bí ẹni tí ń dúró de ìdájọ́. Èyí tí ó dùn wá jùlọ ni iye àwọn tí orí wọn ti kán, nítorí tí wọ́n pọ̀. Orí wà níhìn-ín, ara wà lọ́hùn-ún.

Àwọn ará Èsìẹ́ ní ìtàn tiwọn: wọ́n ní àlejò ni àwọn wọ̀nyí jẹ́, tí wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá, tí a sì sọ di òkúta. Àwọn onímọ̀ yẹ àwọn ohun amọ̀ tí a rí pẹ̀lú wọn wò, wọ́n sì fi wọ́n sí nǹkan bí ọdún 1100. Níti ẹni tí ó gbẹ́ wọn, àríyànjiyàn ṣì wà láàrin àwọn ọ̀mọ̀wé títí di òní. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Phillips Stevens, fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ àkókò jókòó tì wọ́n, ó ń kà wọ́n, ó ń ya àwòrán wọn, ó sì tẹ ìwé ńlá kan jáde nípa wọn ní ọdún 1978.

Ohun tí ó mú wa wá ijókòó ní ọjọ́ náà ni orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ ròyìn wọn fún àwọn ará òde. Ọdún 1933 ni. Nínú igbó ni àwọn ère náà wà nígbà náà, lábẹ́ igi. H. G. Ramshaw ni orúkọ ọkùnrin náà. Ta ni Ramshaw? Alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ ni, ti ẹgbẹ́ C.M.S.! Ẹni tí ó jáde lọ wo bí àwọn ọmọ ṣe ń ka ìwé ni ó padà wá ròyìn ohun tí ó rí nínú igbó. Kò fi òòlù fọ́ wọn, kò sì dá iná sun igbó náà. Ní ọdún 1945 ni a ṣí ilé tí a kọ́ fún wọn, òun sì ni ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá rò pé Èkó ni ó ṣáájú nínú ohun gbogbo, kí ó mọ̀ pé ọdún 1957 ni Èkó tó ní tirẹ̀. Ìletò Ìgbómìnà kan ti fi ọdún 12 ṣáájú rẹ̀.

A kò ní fi òtítọ́ pamọ́ fún yín. A mọ̀ pé ọdún ère wà ní Èsìẹ́, àti pé àwọn kan ṣì ń bu ọlá fún àwọn òkúta wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mú wa yípo kò ní kí a kúnlẹ̀, kò sì ní kí a mú obì wá. Ohun kan ṣoṣo tí ó bèèrè lọ́wọ́ wa lẹ́yìn owó ìwọlé ni pé kí a kọ orúkọ wa sínú ìwé àlejò. Ìwé náà mọ́, ìlà rẹ̀ gún, ọjọ́ àti ìlú àlejò kọ̀ọ̀kan sì wà níbẹ̀. Akọ̀wé ni àwa náà, a mọ iṣẹ́ tí a ṣe dáradára bí a bá rí i.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, ìrìn Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù ní Áténì wá sí wa lọ́kàn. Ó rìn káàkiri ìlú àwọn abọ̀rìṣà náà, ó wo àwọn ohun ìsìn wọn dáradára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ka ohun tí a kọ sára pẹpẹ kan, láti ibẹ̀ ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ ìwàásù rẹ̀. Bí ó bá ti di ojú rẹ̀ kọjá, kì bá tí rí ohun tí yóò fi bá wọn sọ̀rọ̀. Èyí ni a sọ fún ìyá ọmọ náà. Kò gbà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó bi wá léèrè bóyá a rí ẹ̀jẹ̀ lára ère kankan. A dá a lóhùn pé a kò rí i. Ó bi wá léèrè bóyá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin. Lẹ́yìn èyí ni ó tú etí ìró rẹ̀, tí ó sì ka owó ọkọ̀ náà fún ọmọ rẹ̀.

Láti ìgbà náà wá, bí iṣẹ́ ìjọ tàbí ọ̀ràn ẹbí bá gbé wa dé ìlú mìíràn, a kì í ṣàì bèèrè ohun tí àwọn ará ibẹ̀ fi pamọ́. Mùsíọ́ọ̀mù ni àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè wọ́n. A kò ní lè sọ gbogbo rẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n ti Àgbádárìgì kò ṣe é fò dá.

Òṣoògùn ni a ti bí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ní apá Ìsẹ́yìn, ní Òkè-Ògùn wa yìí. Ní ọdún 1821 ni a kó ìlú rẹ̀, tí a sì mú un lẹ́rú. Ní ọdún 1845 ni ó padà sí ilẹ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí àlùfáà, Àgbádárìgì ni ó sì kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí. Ilé alájà tí ó wà níbẹ̀, èyí tí a fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1842 tí a sì parí rẹ̀ ní 1845, ni a ń pè ní ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ilé àwọn míṣọ́nnárì ni. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, a ó fi hàn yín pé níbẹ̀ ni Crowther ti ṣiṣẹ́ lórí títú Bíbélì sí èdè wa. A gun àtẹ̀gùn rẹ̀ pẹ̀lú ìṣọ́ra, a sì dúró lójú fèrèsé, a ń wo ọ̀sà. A ronú sí ọmọkùnrin tí a fi okùn so lọ́rùn láti agbègbè wa níhìn-ín, tí ó wá di ẹni tí ó jókòó sí etí omi kan náà tí a fi ń kó ẹrú lọ, tí ó ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí yóò bá ọ̀rọ̀ Ọlọ́run mu.

Igi Àgíà, tí a wàásù lábẹ́ rẹ̀ ní 1842, wó ní ọdún 1959. Òkúta ìrántí ni ó wà ní ipò rẹ̀. Ẹ má ṣe dúró síbẹ̀ pẹ́. Ẹ lọ sí agboolé Ṣéríkí Williams Àbàsì, níbi tí a ti ń tọ́jú àwọn yàrá tí a ń kó ẹrú sí kí ọkọ̀ òkun tó dé. Ogójì ni wọ́n ní àwọn yàrá náà. Ẹni tí a kó lẹ́rú nígbà èwe ni Àbàsì fúnra rẹ̀, ó padà dé, ó sì di oníṣòwò ẹrú. Àwọn tí ń mú àlejò yípo a máa wí pé agboorùn kan ṣoṣo ni a fi ń gba 40 ènìyàn. A kò lè wọ yàrá tí wọ́n fi hàn wá láìtẹ orí ba.

Kò sì jìnnà sí ibẹ̀ ni agboolé Mobee wà. Àwọn baba ńlá ìdílé yìí lọ́wọ́ nínú òwò náà, àwọn ọmọ wọn sì ni wọ́n kó àwọn ẹ̀wọ̀n jọ, tí wọ́n tò ó sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti wò. Ẹ̀wọ̀n tí a ń fi dè àgbàlagbà wà níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí ó kéré, tí a ń fi de ọmọdé, wà níbẹ̀. Ìdílé mìíràn ìbá ti sọ wọ́n sínú ọ̀sà ní òru, kò sí ẹni tí ìbá mọ̀. A ti gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n a kò tíì rí èyí tí a fi irin ṣe, tí a sì ń ṣí i sílẹ̀ lójoojúmọ́ fún àlejò.

Ẹni tí ó bá wà ní Èkó kò ní láti lọ jìnnà. Ní Onikan ni ọkọ̀ tí Ọ̀gágun Murtala Muhammed wà nínú rẹ̀ nígbà tí a pa á ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976 wà, pẹ̀lú ihò ọta lára rẹ̀. Ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta, nínú ọgbà rélùwéè, ilé kan wà tí a ń pè ní Jaekel House, tí a kọ́ ní ọdún 1898 nígbà tí a ṣì ń tẹ́ irin ojú ọ̀nà lọ sí Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Legacy ni ó tún un ṣe tí ó sì kó àwòrán àti ohun èlò rélùwéè àtijọ́ sí i. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ṣiṣẹ́ rélùwéè rí yóò pẹ́ níbẹ̀.

Ní Ìkẹjà sì ni Kàlákútà, ilé Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, tí a sọ di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní ọdún 2012. A mọ̀ pé ojú àwọn alàgbà kan yóò le bí wọ́n bá ka èyí. Ẹ mú sùúrù fún wa. Ọmọ-ọmọ Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ni Fẹlá, ẹni tí a mọ̀ fún orin ìsìn ní èdè Yorùbá, tí a gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní London ní ọdún 1922. Bàbá Fẹlá pàápàá jẹ́ àlùfáà. Nínú ilé náà ni bàtà rẹ̀ wà, àti fèrè rẹ̀, àti aṣọ rẹ̀, àti ṣòkòtò péńpé tí ó ń wọ̀ káàkiri ilé, tí a fi kọ́ bí ẹni pé agbádá ọba ni. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní orúkọ rẹ̀: pátá ni. A rẹ́rìn-ín, a sì wò yí ká bóyá ọmọ ìjọ kan wà nítòsí. A kò ní kí ẹnikẹ́ni rán ọmọdé lọ síbẹ̀ láìsí àgbà pẹ̀lú rẹ̀.

Fún àwọn tí apá wọn bá ká ọ̀nà jíjìn, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ogun wà ní Umuahia, tí a ṣí ní 1985. Apá kan rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, nínú ihò tí àwọn ará Biafra ti ń fi rédíò sọ̀rọ̀ nígbà ogun ọdún 1967 sí 1970. Àwọn ohun ìjà tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn rọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní Jos, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí a ṣí ní 1952, ọ̀gbẹ́ni kan láti ilẹ̀ Poland, Z. R. Dmochowski, ṣe ètò ọgbà kan tí a ti ṣe àwòkọ́ àwọn ilé ńlá ilẹ̀ wa sí, tí ènìyàn fi lè ti odi Kano rìn dé mọ́ṣáláṣí Zaria láìpé ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí àwọn ará wa ti Kétu àti Sábẹ wà, ìròyìn mìíràn ni ó wà níbẹ̀. Ní ọdún 1892 ni àwọn ọmọ ogun Faransé kó ohun ìní àwọn ọba Àbómé lọ, àga ọba àti ìlẹ̀kùn ààfin pẹ̀lú rẹ̀. Ọdún 2021 ni Faransé tó dá 26 nínú wọn padà. Ìjọba kan ni ó bá ìjọba mìíràn sọ ọ́, ó sì gba ọdún 129. Àwọn tí ń gbé ọkọ̀ wá sí àwọn ìlú wa láti ra ìlẹ̀kùn gbígbẹ́ àti àpótí ìjókòó àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn arúgbó, ta ni yóò bá wa gba tiwa padà lọ́wọ́ wọn? A mọ ilé kan tí iye owó tí a san fún ìlẹ̀kùn rẹ̀ kò tó ra ìlẹ̀kùn páànù tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Nígbà tí ọmọbìnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè ti Èsìẹ́ dé, ó wá fi àwòrán tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà hàn wá. Ère kan tí kò ní orí ni, tí ó fi ọwọ́ méjèèjì lé itan. Lẹ́yìn tí a ti yìn ín, ó ní, "Bàbá, bí àwọn ọmọ Èsìẹ́ bá wá sí Òfikì, kí ni a ó fi hàn wọ́n?"

A kò lè dá a lóhùn, ìdí rẹ̀ sì ni a fẹ́ jẹ́wọ́ báyìí. Ní ọdún 1998, ní ìjọ kan tí a ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, a ní kí àwa ọ̀dọ́ tún yàrá àlùfáà ṣe kí bíṣọ́ọ̀bù tó dé. A rí àpótí kan níbẹ̀ tí ikán ti wọ̀. Inú rẹ̀ ni ìwé ìrìbọmi àtijọ́ wà: orúkọ tí ẹni kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ nílé bàbá rẹ̀ wà ní apá òsì, orúkọ tí a fi rì í bọmi wà ní apá ọ̀tún, àti ilé tí ó ti wá, pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ewé mélòó kan péré ni ikán ti jẹ. Ṣùgbọ́n ó rí jágajàga, bíṣọ́ọ̀bù sì ń bọ̀ lọ́la, a kó o sẹ́yìn ilé pẹ̀lú pàǹtí, a sì ṣáná sí i. Àwa ni a mú ìṣáná lọ́wọ́. Inú wa sì dùn pé yàrá mọ́.

Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀gbẹ́ni kan ti ìlú òkèèrè wá, ó ń wá orúkọ tí ìyá bàbá rẹ̀ ń jẹ́ kí ó tó di Màríà. Ó mọ ìjọ náà, ó mọ ọdún tí a rì í bọmi. A sọ fún un pé ikán ti jẹ ìwé náà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó sì padà. Ikán kọ́.

Àwọn alàgbà ìjọ wa níhìn-ín ti fún wa ní kọ́bọ́ọ̀dù kan nínú yàrá àlùfáà, ó ní kọ́kọ́rọ́. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò tíì pọ̀: sìléètì ilé ìwé méjì, àyọ́ọ̀nù ẹlẹ́yinná kan, ìrànwú kan, ìwé orin tí èèpo rẹ̀ ti já, àti àwòrán ère Èsìẹ́ tí ọmọbìnrin náà yà. Ìyá rẹ̀ ni ó mú ìrànwú wá. Òwú ṣì wà lára rẹ̀, ó sì ní kí a má ṣe tú u.

Ẹni tí ó bá ní ohunkóhun nílé tí kò fẹ́ kí ó sọnù, kí ó mú un wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, a ó wà níbẹ̀. Kí ó wá mọ orúkọ ẹni tí ó ni ín, ohun tí a ń fi í ṣe, àti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ti dé ọwọ́ rẹ̀, nítorí tí a ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Pẹ́ńsù ni a fi ń kọ ọ́. Yíǹkì a máa ṣí.